Fítámì K fún ọmọ tuntun: ohun tó yẹ kí òbí mọ̀ kí wọ́n tó dáhùn

Ọmọ ti wálẹ̀, ó ti ké, wọ́n ti nù ún gbẹ, wọ́n sì ti gbé e lé ìyá rẹ̀ láyà. Kò ní pẹ́ tí nọ́ọ̀sì yóò fi béèrè pé: "Ẹ̀yin òbí, ṣé ẹ fọwọ́ sí i kí á fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ fítámì K?" Ní Amẹ́ríkà, wọ́n lè ní kí òbí tí kò bá fẹ́ buwọ́ lùwé. Nílé lọ́hùn-ún, ọsibítù mìíràn á kàn fún un, ilé agbẹ̀bí mìíràn ò sì ní í nílẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ òbí ni kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí títí di ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọbí tán kọ́ ló yẹ kí á máa ka irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ sí létí. Nígbà tí oyún bá ti wọ oṣù keje ni ó yẹ kí tọkọtaya ti jọ sọ ọ́ yanjú.

Fítámì K kì í ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò sì bá kòkòrò kankan jà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ̀jẹ̀ lè dì. Bí abẹ́ bá gé ènìyàn lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ á ṣàn díẹ̀, á dì, á sì dá. Ẹ̀dọ̀ ló ń pèsè púpọ̀ nínú àwọn èròjà tó ń mú un dì. Nọ́ńbà ni àwọn dókítà fi ń pè wọ́n, mẹ́rin nínú wọn, ìyẹn 2, 7, 9 àti 10, kò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí fítámì K. Ẹ wo ògì tí wọ́n pò sínú abọ́. Ògì wà níbẹ̀, omi tútù wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí omi tó ń hó ò bá kàn án, omi ògì lásán ni, kò ní dì di ẹ̀kọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀dọ̀ ọmọ ṣe lè pèsè èròjà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, síbẹ̀ kí wọ́n má wúlò. Henrik Dam, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Denmark, ló kọ́kọ́ rí i lára òròmọdìẹ tí wọ́n ń fi oúnjẹ tí kò ní ọ̀rá bọ́: ẹ̀jẹ̀ ń da lára wọn. Lẹ́tà K tó wà lára orúkọ náà wá láti inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ẹ̀jẹ̀ dídì ní èdè rẹ̀. Òun àti Edward Doisy, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Amẹ́ríkà, ló jọ gba ẹ̀bùn Nobel ọdún 1943 nítorí rẹ̀.

Àgbàlagbà kì í sábà ṣaláìní in, nítorí ó wà nínú ẹ̀fọ́ tí à ń jẹ, àwọn kòkòrò tí kì í pani lára tó wà nínú ìfun wa sì ń ṣe díẹ̀ sí i. Ọmọ tuntun kò ní èyí, kò ní tọ̀hún. Fítámì K kì í rọrùn láti gba inú ibi ọmọ kọjá sára ọmọ: ìwọ̀n tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 30 èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Ìfun ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé ò tíì ní kòkòrò tó lè bá a ṣe é. Omi ọmú náà ò sì ní púpọ̀ nínú. Lítà omi ọmú kan sábà máa ń ní máíkírógíráàmù 1 sí 4 péré, nígbà tí mílíìkì inú agolo máa ń ní nǹkan bí 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí já ọmọ lẹ́nu ọmú o. Ọmú ṣì ni oúnjẹ tó dára jù fún ọmọ. Fítámì K kò tó nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé fi kún un.

Wọ́n á ní, "Bí ìyá bá ń jẹ tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ dáadáa ńkọ́?" Ó dára fún ìyá fúnra rẹ̀. Àmọ́ ìwọ̀nba tó ń ti inú oúnjẹ dé inú omi ọmú kéré ju ohun tó lè dáàbò bo ọmọ.

Ìgbà mẹ́ta ni ẹ̀jẹ̀ lè dà lára ọmọ tí kò ní fítámì K tó. Àkọ́kọ́ ni wákàtí 24 tó tẹ̀ lé ìbí, èyí sì sábà máa ń jẹ́ ti ọmọ tí ìyá rẹ̀ lo oògùn wárápá kan, oògùn ikọ́ ife bíi rifampicin, tàbí warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, nígbà tó lóyún. Ìyá tó bá ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀ fún dókítà ṣáájú ọjọ́ ìrọbí. Ìgbà kejì ni ọjọ́ 2 sí 7. Ìdodo lè máa ṣẹ̀jẹ̀, imú lè máa ṣẹ̀jẹ̀, ìgbẹ́ ọmọ lè dúdú bí ọ̀dà. Bí wọn ò bá fún àwọn ọmọ ní nǹkan kan, ìdíwọ̀n tí CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, ń sọ fún ìgbà méjì yìí ni ọmọ kan nínú 60 sí ọmọ kan nínú 250.

Ìgbà kẹta ló yẹ kó ba òbí lẹ́rù. Láti ọ̀sẹ̀ kejì títí dé oṣù kẹfà ni, ọ̀sẹ̀ 2 sí 12 ló sì pọ̀ jù. Kò wọ́pọ̀: nǹkan bí ọmọ kan nínú 14,000 sí 25,000 ni. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì àwọn tó bá ṣe ni ẹ̀jẹ̀ ń da sí wọn lọ́pọlọ. Àwọn kan ń kú, àwọn mìíràn á yè é pẹ̀lú gìrì tàbí apá kan tó rọ. Ọmọ tó ń mu ọmú nìkan, tó ń sanra, tí gbogbo ẹbí ń gbé jó, ni ó sábà máa ń ṣe. Kò sí ẹ̀jẹ̀ lójú, kò sí ọgbẹ́, ọmọ á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sùn jù. Ẹni tó bá ń wojú ọmọ rẹ̀ tó ń sọ pé "ara ọmọ mi le, kò nílò rẹ̀" ń wo ibi tí àrùn yìí ò gbà wọlé.

Ẹ wo ìlú Nashville ní Amẹ́ríkà. Láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹsàn-án ọdún 2013, ọmọ mẹ́rin dé ọsibítù níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ dídà ìgbà kẹta yìí. Mẹ́ta nínú wọn, inú orí ni ẹ̀jẹ̀ náà ti dà. Òbí gbogbo wọn ló kọ abẹ́rẹ́ náà. Nígbà tí CDC wádìí, wọ́n rí i pé ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí wọ́n bí ní àwọn ilé ìgbẹ̀bí tí kì í ṣe ọsibítù ládùúgbò náà ni kò gbà á. Ohun tí àwọn òbí sọ ni pé ẹ̀rù jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ń bà wọ́n, tàbí pé wọn ò rò pé ó pọn dandan.

Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ yìí ní orísun. Ìwádìí kan láti Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní ọdún 1992, sọ pé abẹ́rẹ́ náà lè fa jẹjẹrẹ ọmọdé. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tún un wò, ní Sweden, Denmark, Jámánì àti Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ọmọ tó pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì, wọn ò sì rí i. Ìròyìn àkọ́kọ́ ló ṣì ń rìn kiri.

Bí wọ́n ṣe ń fún un nìyí. Mílígíráàmù 1 ni ọmọ tó bá wọn ju gíráàmù 1,500 lọ ń gbà, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, sínú iṣan itan, ní iwájú díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Fún ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé, tí kò tó ìwọ̀n yẹn, wọ́n á ṣírò èyí tó kéré sí i. Kò pọn dandan kí wọ́n sáré fún un ní kété tó wálẹ̀: WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kí ọmọ kọ́kọ́ lo wákàtí kan láyà ìyá rẹ̀ kó sì mu ọmú, àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà sì ní kó má ju wákàtí 6 lọ. Bí ìyá bá gbé e lé ọmú nígbà tí wọ́n ń gún un, kì í ké pẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni fítámì náà á máa ti inú iṣan yẹn jáde, òun ló fi ń bo ọmọ la oṣù bíi mélòó kan já.

Ibi tí àṣìṣe ti lè wọlé ni ìgò. Ìgò kan wà tó jẹ́ mílígíráàmù 1 gẹ́lẹ́ fún ọmọ. Òmíràn wà fún àgbàlagbà tó jẹ́ mílígíráàmù 10 nínú mílílítà 1. Tó bá jẹ́ ti àgbàlagbà ló wà nílẹ̀, mílílítà 0.1 ni ti ọmọ, síríǹjì tẹ́ẹ́rẹ́ onímílílítà 1 ni ó sì yẹ kí wọ́n fi fà á. Ohun kejì tó léwu ni kí ìgò oògùn tí wọ́n fi ń dá ẹ̀jẹ̀ ìyá dúró, ergometrine, wà nínú àwo kan náà. Ó ti ṣẹlẹ̀ pé wọ́n gún ọmọ ní èyí dípò fítámì K, tí ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà fún èémí. Bàbá ọmọ tó bá wà nítòsí lè fi ọ̀wọ̀ sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kí á jọ ka orúkọ ara ìgò yẹn." Kò sí ìwà àfojúdi níbẹ̀.

Òbí tí kò bá fẹ́ abẹ́rẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè gba èyí tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu: mílígíráàmù 2 ní ọjọ́ ìbí, 2 mìíràn láàárín ọjọ́ 4 sí 7, àti 2 ní oṣù kan fún ọmọ tó ń mu ọmú nìkan. Ó sàn ju òfo lọ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ní àléébù. Bí ọmọ bá bì í láàárín wákàtí kan, wọ́n ní láti tún un fún un. Ìkẹta ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló wà fún ìgbà eléwu yẹn. Inú ọ̀rá ni fítámì K sì ti ń yọ́, òróòro tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe ló ń jẹ́ kí ìfun gbà á. Ọmọ tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ níṣòro tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀, á gbé e mì lásán ni. Ẹ má ṣe ra hóró fítámì ti ọjà kí ẹ máa lọ̀ ọ́ fún ọmọ.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ó ń fa ojú pípọ́n, ìyẹn ibà pọ́njú. Oríṣi fítámì K àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní K3 ló ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fún ọmọ ní púpọ̀ rẹ̀. Oríṣi tí wọ́n ń pè ní K1 ni wọ́n ń lò báyìí, mílígíráàmù 1 rẹ̀ kì í fà á. Bí àrùn ẹ̀jẹ̀ àìdì bá wà nínú ẹbí, pàápàá lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin ìhà ìyá, ẹ sọ fún dókítà kí wọ́n tó gún ọmọ níbikíbi, nítorí àrùn yẹn yàtọ̀, fítámì K ò sì lè wò ó.

Ní tiwa, ọ̀rọ̀ yìí kan olóolà gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sí ìkejì ni ọ̀pọ̀ ń dábẹ́ fún ọmọkùnrin, tí wọ́n sì ń lu etí obìnrin, àárín ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí kò gba fítámì K lè kọ̀ láti dì gan-an nìyẹn. Kí ẹ tó pe olóolà, ẹ wo káàdì ìbí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó máa ń wà nínú ìwé pupa ọmọ, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ ìlera rẹ̀ sí. Bí wọn ò bá kọ ọ́ síbẹ̀, tàbí tó jẹ́ ilé agbẹ̀bí ni ọmọ wálẹ̀ sí, ẹ gbé e lọ gbà á ní ọsibítù kí abẹ́ tó kàn án. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò gbà á ṣì lè gbà á.

Lára ọmọ tí kò gbà á, ẹ má fojú kékeré wo ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní imú, ní èrìgì tàbí ní ìdodo. Nígbà mìíràn, ó máa ń ṣáájú èyí tó ń dà lọ́pọlọ. Lára ọmọ tó dúdú, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti dà sábẹ́ awọ kì í tètè hàn, nítorí náà ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti ẹnu. Ojú tó ṣì pọ́n bíi ti ibà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, pẹ̀lú ìgbẹ́ tó funfun bí ẹfun, ẹ̀dọ̀ ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò. Tí ọmọ bá ń bì léraléra, tó ń sùn láìjí mu ọmú, tí òkè àwùjẹ̀ rẹ̀ wú sókè, tàbí tí gìrì gbé e, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́, ẹ má fi àgbo dán an wò. Ẹ gbé e lọ, kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ máa sọ lẹ́nu ọ̀nà sì jẹ́: "Ọmọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni, ọmú nìkan ló ń mu, kò gba fítámì K." Dókítà tó bá gbọ́ èyí lè gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, kó sì fún un ní fítámì K lójú ẹsẹ̀ láìdúró de èsì.