Kí ló dé tí kọ̀ǹpútà mi ń sọ pé 2009 la wà?

Àbúrò mi kan tó ní bíìsínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ní Àgbowó, ọ̀ọ́kán géètì UI, ló gbé dẹ́sítọ́ọ̀pù ẹ̀ wá bá mi, la bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Mo kọ ìbéèrè ẹ̀ síbí torí kì í ṣe òun nìkan ló ti bi mí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n bá ti mú iná, tí mo bá tún tan ẹ̀rọ yìí, á ní 2009 la wà, Google ò ní ṣí, kọ́sítọ́mà á sì dúró lé mi lórí. Kí ló ń ṣe é?

Bátìrì ló kú. Ó wà lórí motherboard, ìyẹn pátákó ńlá inú ẹ̀rọ, roboto bíi kọ́ìnsì, CR2032 ni wọ́n ń pè é, fóòtì 3. Aago kékeré kan ló ń fún lágbára, aago yẹn kì í sùn bóo tiẹ̀ yọ wáyà iná. Kírísítà kan wà nínú ẹ̀ tó ń gbọ̀n nígbà 32,768 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nọ́ńbà yẹn ò ṣèèṣì o, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an: mú 1, sọ ọ́ di ìlọ́po méjì nígbà 15, ibẹ̀ náà lo máa dé. Nítorí náà kí ẹ̀rọ ṣáà máa pín in sí méjì, sí méjì, nígbà 15, ẹyọ kan péré ló máa kù, ìṣẹ́jú-àáyá kan nìyẹn. Tí bátìrì bá kú, kò sẹ́ni tó ń kà mọ́, ẹ̀rọ á padà sí déètì tí wọ́n kọ sí i lára nígbà tí wọ́n ṣe é.

Ti Google yẹn, ìwé ẹ̀rí tí wẹ́ẹ̀bùsáìtì máa ń fi han bíráósà ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Lójú ẹ̀rọ tó ń gbé 2009, ìwé yẹn ò tíì bẹ̀rẹ̀, ló ṣe kọ̀ ọ́.

Ìbéèrè: Ṣé aago kékeré yẹn náà ni kernel, ìyẹn ọkàn Linux tó ń darí ẹ̀rọ, ń wò ní gbogbo ìgbà?

Rárá o. Ó pẹ́ jù láti máa bi í. Ìgbà tí Linux bá ń jí ló máa ń wò ó, bí ẹni tó kọjá ní Trenchard Hall láàárọ̀, tó wo aago orí ilé gogoro yẹn, tó wá ń ka ìyókù fúnra ẹ̀. Inú processor, ọpọlọ ẹ̀rọ, ni nǹkan tó fi ń kà á wà, TSC lorúkọ ẹ̀, tí ẹ̀rọ ẹ bá jẹ́ 2.4 GHz a jẹ́ pé ó lè ka bílíọ̀nù 2.4 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Gbogbo ìgbà tí program bá béèrè àsìkò, kernel á wo iye tó ti kà látìgbà tó wò ó kẹ́yìn, á sọ ọ́ di nánósẹ́kọ́ńdì, ìyẹn ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. Kíka 24 lórí ẹ̀rọ yẹn jẹ́ nánósẹ́kọ́ńdì 10, ṣùgbọ́n ìṣirò pípín máa ń fa processor sẹ́yìn, kernel ò sì fẹ́ ìyẹn. Ó ti ní nọ́ńbà kan nílẹ̀, ká pè é ní 427. Ìgbà 24 lọ́nà 427 jẹ́ 10,248. Á wá sún bíìtì ẹ̀, àwọn 0 àti 1 tí ẹ̀rọ fi kọ ọ́, sápá ọ̀tún nígbà 10, ìyẹn bákan náà ni pẹ̀lú kéèyàn fi 1,024 pín in, 10 ló kù. Nọ́ńbà tí kernel ń lò gan-an tóbi ju 427 lọ fíìfíì, kó má baà ṣì. Tí TSC bá wá ń ṣe ségesège, kernel á fi wé aago mìíràn, á kọ ọ́ sínú log, ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀, pé kò ṣeé gbára lé, á sì bọ́ sórí òmíràn.

Ìbéèrè: Tí kọ́sítọ́mà bá ra ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tí aago wá fò láti 2009 sí òní, ṣé àsìkò ẹ̀ ò ní jóná?

Ó lè jóná o! Ọ̀nà méjì ni kernel ń gbà sọ àsìkò. Èyí tí wọ́n ń pè ní CLOCK_REALTIME ni ti ọjọ́ àti oṣù, òun lèèyàn lè yí síwá sẹ́yìn. CLOCK_MONOTONIC ò mọ oṣù, kò mọ ọdún, kò sì padà sẹ́yìn láéláé, ó kàn ń ka bó ṣe pẹ́ tó. Program tó ń ka ìṣẹ́jú kọ́sítọ́mà, MONOTONIC ló yẹ kó lò. Tó bá lo REALTIME, ìgbà tí aago bá fò báyìí, owó ọmọ ọlọ́mọ ti lọ nìyẹn, ìyẹn ò dáa rárá.

Tí àṣìṣe bá kéré, kernel ò kí ń fò. Á rọra mú aago yára tàbí kó fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Pẹ̀lú adjtime, ọ̀nà tí program ń gbà ní kí kernel rọra tún aago ṣe, ìdá 500 nínú mílíọ̀nù ló máa ń fi yí i, fún àṣìṣe ìṣẹ́jú-àáyá kan ìyẹn á tó ìṣẹ́jú 33.

Ìbéèrè: Mo ti pààrọ̀ bátìrì, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti inú Linux bọ́ sí Windows, aago á fi wákàtí kan gbẹ́yìn.

Àwọn méjèèjì ò gbà lórí ohun tí aago kékeré yẹn túmọ̀ sí. Linux ń kọ UTC, àsìkò tí gbogbo ayé fi ń ṣe òdiwọ̀n, síbẹ̀, Windows gbà pé àsìkò ìlú tóo wà ló wà níbẹ̀. Nàìjíríà fi wákàtí kan síwájú UTC, ó ṣe jẹ́ wákàtí kan géérégé. O lè ní kí Linux tẹ̀ lé Windows:

timedatectl set-local-rtc 1

Èmi ò fẹ́ràn ìyẹn, mo fẹ́ kí UTC wà níbẹ̀. Lọ sínú registry Windows, ibi tó ń kọ ètò ẹ̀ sí, wá TimeZoneInformation, kóo fi RealTimeIsUniversal síbẹ̀, kóo fún un ní 1. Tún Windows tàn, wo aago, wá bọ́ sí Linux, tún wò ó.