Aago Limited Edition Kì í Ṣe Ríìmù Ọkọ̀

Ẹ̀yin oníbàárà mi, ẹ yé wá bá mi pé, "Ọ̀gá, ẹ bá mi dán aago mi kó máa kọ yànrànyànràn, mo fẹ́ tà á." Bí aago yín bá jẹ́ limited edition, ìyẹn èyí tí ilé iṣẹ́ ṣe níwọ̀nba, tí nọ́ńbà wà lẹ́yìn rẹ̀, ibi tó ti ha, ẹ jẹ́ kó ha bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ra irú rẹ̀ kì í fẹ́ kí pọ́líìṣì kàn án.

Àǹfààní rẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Ilé iṣẹ́ ti pinnu iye tí wọ́n máa ṣe, wọn ò sì ní í ṣe é mọ́. Ẹni tó bá ń wá a lọ́jọ́ iwájú, ọwọ́ irú yín ló ti máa rà á. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bèèrè iye tí wọ́n ṣe. Lọ́dún 2015, Omega ṣe Seamaster 300 kan nítorí fíìmù James Bond, 7,007 ni wọ́n ṣe. Ṣé ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún méje náà lẹ̀ ń pè ní ọ̀wọ́n? Patek Philippe ṣe aago Nautilus lọ́dún 2021, tí ojú rẹ̀ jẹ́ búlúù Tiffany, ilé ìtajà ohun ọ̀ṣọ́ ní Amẹ́ríkà, 170 péré. Wọ́n lu ọ̀kan ní gbàǹjo ní New York, owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 6.5 dọ́là.

Ẹ sì wo Rolex Daytona tí òṣèré Paul Newman fi sọ́wọ́. Kì í ṣe limited edition rárá, àmọ́ lọ́dún 2017 wọ́n lù ú ní gbàǹjo ní iye tó lé ní mílíọ̀nù 17.7 dọ́là. Ìyàwó rẹ̀ ló ní kí wọ́n fín ọ̀rọ̀ sẹ́yìn rẹ̀, pé kó rọra máa wa ọkọ̀. Ká ní ẹnìkan ti fi pọ́líìṣì pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́ ńkọ́?

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti òróró. Aago tí à ń wáìǹdì, àti èyí tó ń wáìǹdì ara rẹ̀ bí ọwọ́ ṣe ń mì, òróró kíńkíní ló wà lórí àwọn òkúta rúbì tí jíà rẹ̀ ń yí lé. Òróró yẹn ń gbẹ, ẹ wọ̀ ọ́ o, ẹ ò wọ̀ ọ́ o. Èyí tí ẹ fi ọ̀rá wé, tí ẹ tì mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù pé kówó rẹ̀ gbéra, ibẹ̀ náà ló ti ń gbẹ. Ọjọ́ tí ẹ bá wá gbé e wọ̀ lọ òde ìgbéyàwó, irin á máa họ irin, á máa yọ lẹ́búlẹ́bú dúdú bíi tìróò. Bó bá ti ń tó ọdún márùn-ún, ẹ gbé e wá ká tú u. Rọ́bà tí kì í jẹ́ kómi wọlé náà á ti le. Òógùn Èkó nìkan tó o ṣe. Ẹ má sì gbé e fún àwọn tó ń fi ọ̀bẹ ṣí aago, tí wọ́n ń ro òróró ẹ̀rọ ìránṣọ sí i! Ẹnìkan gbé tirẹ̀ wá tó ti dúró pa, ó ní wòlíì sọ pé ayé ló dá a dúró. Ayé kọ́, òróró ló gbẹ. Iṣẹ́ tí mo kọ́ nìyí. Ẹ kọ́kọ́ bi mí kí ẹ tó lọ gbààwẹ̀.

Bí ojú aago tàbí ọwọ́ rẹ̀ bá sì bàjẹ́, ẹ ò ní rí irú rẹ̀ he ní Ìdúmọ̀tà.

Alhaji kan ti rí ẹni tó fẹ́ ra tirẹ̀ ní London, ó kù díẹ̀ kówó wọlé. Ló bá gbé aago lọ fún ọmọkùnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ dán ríìmù ọkọ̀, torí owó tèmi ti wọ́n jù lójú rẹ̀. Ọmọ yẹn dán iwájú, ó dán ẹ̀yìn. Ìgbà tí Alhaji máa fi ya fọ́tò ránṣẹ́, etí irin tó mú tẹ́lẹ̀ ti yọ́, nọ́ńbà ẹ̀yìn ò ṣeé kà mọ́. Ará London ní ayédèrú ni, òun ò rà mọ́.

Alhaji wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí n bá òun fín nọ́ńbà náà padà, òun ṣì rántí rẹ̀. Mo ní iṣẹ́ àwọn oníjìbìtì nìyẹn, n kì í ṣe é. Ó ní òun á san ìlọ́po méjì. Ẹni tówó mi wọ́n lójú rẹ̀ o! Mo dá aago rẹ̀ padà fún un, mo ní kó máa fi wo àkókò ìrun.