Cyclodextrin

Cyclodextrin ni orúkọ tí a ń pe àwọn mólékù ṣúgà tó rí róbótó bí òrùka, tí ẹ́ńsáìmù bakitéríà máa ń ṣe láti ara sítáàṣì. Mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù nínú wọn: alpha ní glúkóòsì 6, beta ní 7, gamma ní 8.

Antoine Villiers, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa wọn ní ọdún 1891. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Franz Schardinger, ará Austria, ya bakitéríà tí a mọ̀ lónìí sí Paenibacillus macerans sọ́tọ̀, ó sì fi áyódínì mọ ìyàtọ̀ láàárín oríṣi méjì: ti alpha di búlúù, ti beta sì pọ́n rúsúrúsú.

Ẹ̀wọ̀n glúkóòsì gígùn tó lọ́ mọ́ra ni sítáàṣì. Nígbà tí amylase, ẹ́ńsáìmù tó máa ń gé sítáàṣì, bá gé ẹ̀wọ̀n yìí, omi ló máa ń dí ojú ibi tí ó gé. Ti CGTase, ẹ́ńsáìmù bakitéríà tó ń ṣe cyclodextrin, yàtọ̀: kì í tètè jẹ́ kí omi débẹ̀, ṣe ló di èyí tí ó gé mú, tó tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ, tó sì so ìdí rẹ̀ mọ́ orí rẹ̀. Ọwọ́ kan náà ló tún fi ń já òrùka, tó ń so ó mọ́ ẹ̀wọ̀n mìíràn, nítorí náà kì í ṣe gbogbo sítáàṣì ló ń di òrùka tán.

Bí a bá fẹ́ ṣe é, a ó kọ́kọ́ se sítáàṣì nínú omi títí yóò fi ki, a ó mú un ṣàn, kí a tó da CGTase sí i. Yíya òrùka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò lára ara wọn ló ṣòro jù. A lè fi toluene, kẹ́míkà olómi kan, sí i: yóò wọ inú beta, àwọn méjèèjì yóò sì silẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n dandan ni kí a lé toluene náà jáde pátápátá lẹ́yìn náà, nítorí májèlé ni. Beta gan-an kì í fẹ́ yòrò. Nínú omi mìlílítà 100 tó wà ní ìwọ̀n ooru 25°C, nǹkan bí gíráàmù 1.85 péré ló ń yòrò, nígbà tí ti alpha tó 14.5.

Ihò àárín òrùka náà ló sọ ọ́ di ohun iyebíye. Ó dà bí ife tí kò nídìí. Ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́ràn omi, inú rẹ̀ kò fẹ́ ẹ, nítorí náà oògùn tí kì í yòrò lè sá pamọ́ síbẹ̀, kí ó sì bá omi lọ. Sugammadex, oògùn kan tí a ṣe láti ara gamma, ń ṣiṣẹ́ lọ́nà kan náà: bí iṣẹ́ abẹ bá parí, yóò gbé rocuronium, oògùn tó mú kí iṣan aláìsàn dẹ̀, sínú ihò rẹ̀, agbára yóò sì padà sínú iṣan.