Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Sonáta Ọlọ́wọ́ Mẹ́rin

Ní oṣù keje ọdún 1765, ìpolówó kan jáde nínú ìwé ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù: ọmọ méjì yóò jọ ta hápsíkọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, ìyẹn irú dùùrù tó ṣáájú píànò, wọn ó sì fi áńkáṣíìfù bo ibi tí ìka wọn ń tẹ̀. Wolfgang Mozart, ọmọ ọdún 9, àti Nannerl ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni. Leopold bàbá wọn ló ń kó wọn kiri. Ká sòótọ́, eré ìyanu ló ń tà nígbà yẹn.

Charles Burney, olórin àti òǹkọ̀wé ìtàn orin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé irú orin yìí dé orí ìwé ní Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́dún 1777 ó tẹ sonáta (orin ohun èlò tó sábà máa ń ní apá mélòó kan) mẹ́rin jáde fún èèyàn méjì nídìí dùùrù kan, ó sì ṣàlàyé pé bí ọwọ́ ẹnìkan ṣe ń sún mọ́ ti ẹnìkejì lè kọ́kọ́ ni wọ́n lára. Ti ọwọ́ tiẹ̀ kéré. Síkẹ́ẹ̀tì tó ní òrùka líle nínú ni àwọn obìnrin ọlọ́lá ń wọ̀, ó fẹ̀ débi pé méjì wọn ò lè fara kanra lórí ìjókòó, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ dùùrù ìgbà náà ò ju ọ́kítéèfù (àkójọ ohùn mẹ́jọ, láti dò dé dò) márùn-ún lọ. Burney ní kí oníṣẹ́ ọwọ́ kan, Merlin, ṣe ọlọ́kítéèfù mẹ́fà fún òun.

Mozart ti kọ sonáta ti D major (orúkọ ohùn tí orin náà dá lé) ní Salzburg, ìlú ìbí rẹ̀, lọ́dún 1772, orin ọ̀dọ́ tó ń ta pọ́n-ún. Nínú àwòrán ìdílé wọn tí wọ́n yà ní nǹkan bí ọdún 1780, òun àti Nannerl jókòó ti dùùrù, ọwọ́ wọn ré kọjá ara wọn. Fọ́tò kò tíì sí, àwòrán ìyá wọn tó ti kú ni wọ́n gbé kọ́ ògiri lẹ́yìn wọn.

Sonáta F major tó kọ ní Vienna lọ́dún 1786 ni mo kà sí àgbà. Ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀ kó tó sáré, ẹni tó jókòó sápá ìsàlẹ̀ kì í sì í ṣe omele mọ́: ohun tí ẹni òkè bá sọ, òun náà á dá a lóhùn.

Mozart parí ti C major ní oṣù karùn-ún 1787, oṣù tí Leopold kú. Ó fi ránṣẹ́ sí Gottfried von Jacquin ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún Franziska, àbúrò Gottfried obìnrin, pé kó tètè bẹ̀rẹ̀ sí í fi dánra wò, torí ó le díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, Nanette àti Babette Natorp ni wọ́n fi dá lọ́lá.