Bí Ìfọkànsí Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Nínú Ọpọlọ Ẹni Tó Ń Sọ Ju Èdè Kan Lọ

Bí ẹni tó gbọ́ èdè méjì bá ń fi ọ̀kan sọ̀rọ̀, ìkejì kò dákẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣì ń ta jí, wọ́n sì ń bá ti èdè tó wà lẹ́nu du àyè. Ìfọkànsí ló ń yanjú ìdíje náà, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni láti di ohun tí a nílò lásìkò kan mú, kí ó sì ti ìyókù sẹ́yìn.

Michael Spivey àti Viorica Marian fi èyí hàn nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1999. Wọ́n kó nǹkan mélòó kan síwájú àwọn tó gbọ́ èdè Rọ́ṣíà àti Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ ṣọ́ ibi tí ojú wọn ń lọ. Nígbà tí wọ́n fi èdè Rọ́ṣíà ní kí wọ́n mú sítáǹpù, tó ń jẹ́ marka ní èdè náà, ojú wọn ń yà sí gègé ìkọ̀wé tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní marker ju bí ó ṣe ń yà sí àwọn nǹkan yòókù lọ. Kò sẹ́ni tó dárúkọ gègé. Ìró tó jọra ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì ti tó láti jí èdè kejì.

Nínú ọpọlọ, apá iwájú ló ń di èdè tí a fẹ́ lò mú, apá kan tí wọ́n ń pè ní anterior cingulate cortex ń kíyè sí i bí ọ̀rọ̀ méjì bá ń forí gbárí, apá mìíràn tó ń jẹ́ caudate nucleus sì ń kópa nínú yíyí láti èdè kan bọ́ sí òmíràn. Èdè nìkan kọ́ ni àwọn apá wọ̀nyí ń bójú tó. Àwọn náà ló ń ṣiṣẹ́ nígbà tí awakọ̀ bá ní láti gbójú kúrò lára fóònù tó ń dún.

Yíyí yìí kì í ṣe ọ̀fẹ́. Àwọn olùwádìí méjì, Renata Meuter àti Alan Allport, ní kí àwọn elédè méjì máa pe nọ́ńbà tó bá hàn, kí àwọ̀ ẹ̀yìn nọ́ńbà sì máa sọ èdè tí wọn yóò fi pè é. Ìyípadà sí èdè méjèèjì ló ń fa ìdádúró, ṣùgbọ́n, ó yani lẹ́nu pé, ìpadà sí èdè tó mọ́ wọn lára jù ló ń pẹ́ jù. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé èdè tó lágbára ń gba ìtẹ̀mọ́lẹ̀ púpọ̀ kí èyí tí kò lágbára tó lè jáde, nítorí náà kì í tètè gbérí.

Ǹjẹ́ eré ìdárayá tí èdè méjì ń fún ọpọlọ yìí ń mú ìfọkànsí dán mọ́rán nínú iṣẹ́ mìíràn? Ní 2004, Ellen Bialystok àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo ìdánwò tí àwọ̀ ti ń hàn lápá ọ̀tún tàbí òsì kọ̀ǹpútà. Àwọ̀ nìkan ló yẹ kí a fi mọ bọ́tìnì tí a ó tẹ̀. Bí ó bá hàn ní òdì kejì bọ́tìnì rẹ̀, ọwọ́ a máa falẹ̀. Ìfàlẹ̀ yẹn kéré lára àwọn elédè méjì, pàápàá àwọn arúgbó. Ìròyìn náà tàn kálẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2013, Kenneth Paap àti Zachary Greenberg kò rí àǹfààní kankan tó fìdí múlẹ̀. Nígbà tí Minna Lehtonen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì kó ìwádìí 152 jọ ní 2018, àǹfààní kékeré tó hàn níbẹ̀ pòórá lẹ́yìn tí wọ́n ro ti àwọn ìwádìí tí a kì í tẹ̀ jáde nítorí pé wọn kò rí nǹkan kan. Kò tọ́, nígbà náà, láti máa ṣèlérí fún òbí pé èdè kejì yóò mú kí ọmọ fọkàn sí nǹkan ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Èdè ní iyì tirẹ̀ láìsí ìlérí bẹ́ẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí àbájáde máa ta kora nítorí pé àwọn elédè méjì kì í lo èdè bákan náà. David Green àti Jubin Abutalebi tọ́ka sí i ní 2013 pé ẹni tó ń fi èdè kan sọ̀rọ̀ nílé, tó ń fi òmíràn ṣiṣẹ́, yàtọ̀ sí ẹni tó ń bá oríṣiríṣi ènìyàn sọ èdè méjèèjì níbì kan náà, tó gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ẹni tó ń bọ̀ kó tó lanu. Ẹni tó ń da èdè méjèèjì pọ̀ nínú gbólóhùn kan ṣoṣo kò sì fi bẹ́ẹ̀ nílò láti tẹ ọ̀kankan mọ́lẹ̀: ọ̀rọ̀ tó bá kọ́kọ́ dé, láti èdè yòówù, ni yóò lò.