Ilé Ẹjọ́ Kò Ní Sójà: Ta Ló Ń Mú Ìjọba Gbọ́ Ìdájọ́?

Lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Kubwa, ní Abuja, télọ̀ kan tí téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ dá mi dúró pẹ̀lú àwọn ìbéèrè wọ̀nyí.

Ìbéèrè: Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, kí gómìnà má fọwọ́ kàn án mọ́. Odidi ọdún kan kọjá, owó ṣì ń gba ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹjọ́ nìyẹn?

Ìdáhùn: Ẹjọ́ ni. Abala 287 nínú ìwé òfin ọdún 1999 pa á láṣẹ fún gbogbo aláṣẹ àti gbogbo ènìyàn jákèjádò Nàìjíríà pé kí wọ́n mú ìdájọ́ ilé ẹjọ́ yìí ṣẹ, ṣùgbọ́n kò fún àwọn adájọ́ ní ọmọ ogun kankan. Bí ayálégbé bá jẹ gbèsè, akódà kóòtù lè lọ kó àga àti tẹlifíṣọ̀n rẹ̀. Ta ni yóò lọ kó àga ní Aso Rock, níbi tí olórí gbogbo ológun ń gbé?

Ìbéèrè: Ṣé Ààrẹ kan ti ṣe orí kunkun bẹ́ẹ̀ rí?

Ìdáhùn: Ó ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Èkó dá ìjọba ìbílẹ̀ 37 kún 20 tó ní, Ààrẹ Obasanjo dá owó wọn dúró ní 2004. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ilé ẹjọ́ sọ pé àwọn tuntun kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ láìsí ọwọ́ Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n pé Ààrẹ kò ní agbára láti mú owó 20 àtijọ́ so. Síbẹ̀, owó náà kò pé tán títí Yar'Adua fi gorí àléfà ní 2007. (Gómìnà tó pẹjọ́ nígbà náà ni Ààrẹ wa òní.)

Ìbéèrè: Kí ló wá dá ti 2024 dúró?

Ìdáhùn: Ibí gan-an ló rú mi lójú. Ní 2004, ẹni tó pàdánù ẹjọ́ ni owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ ló pe ìpínlẹ̀ 36 lẹ́jọ́, òun ló borí, Abuja níbí náà sì ni wọ́n ti ń pín owó lóṣooṣù. Lóòótọ́, abala 162 ṣì sọ pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àpò àjùmọ̀ní fún ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ ti túmọ̀ rẹ̀ pé aṣojú lásán ni ìpínlẹ̀, kì í ṣe olówó. Lójú tèmi, òṣèlú ló ń fà á, kì í ṣe òfin.

Ìbéèrè: Àwa tí a wà lábẹ́ Bwari, ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ tó ni Kubwa, ńkọ́?

Ìdáhùn: Ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ mẹ́fà tó wà ní Abuja kò ní gómìnà, mínísítà ló ń ṣojú Ààrẹ, a kò sì sí lára àwọn 36 tí wọ́n pè lẹ́jọ́.

Ó ní kí n bá òun kọ "287" sẹ́yìn ìwé ìwọnṣọ rẹ̀. Mo kọ ọ́.