Bí Àdéhùn Bangladesh ṣe fi agbára kún àyẹ̀wò ilé-iṣẹ́ ìránṣọ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn èèyàn ṣì ń tún sọ nípa Rana Plaza, ilé tó wó ní Bangladesh, tí kò sì tọ̀nà rárá: pé ká ní ẹnì kan ti lọ yẹ ibẹ̀ wò ni, ọ̀ràn náà ì bá má ṣẹlẹ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Fáktírì ìránṣọ márùn-ún ló wà nínú ilé alájà mẹ́jọ yẹn ní Savar, lẹ́bàá Dhaka. Ó kéré tán, àwọn olùyẹ̀wò ti wọ méjì nínú wọn, wọ́n sì ti jáde, kí ilé náà tó wó ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 2013, tó pa èèyàn 1,134. Ní Karachi, ní Pakistan, fáktírì Ali Enterprises ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí pé ohun gbogbo wà létòlétò ni. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí iná fi sọ níbẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2012, tí èèyàn tó lé ní 250 sì kú.

Irú àyẹ̀wò tó wà nígbà náà, ilé-iṣẹ́ aláṣọ tó ń rajà tàbí ẹni tó ni fáktírì ló ń sanwó rẹ̀. Olùyẹ̀wò á béèrè ọjọ́ orí àwọn òṣìṣẹ́, á yẹ ìwé owó oṣù wò, á kọ èsì, èsì náà á sì wọ inú dúrọ́ọ̀. Òpó ilé kò sí lára iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Wọ́n ti kọ́ àjà mìíràn lé Rana Plaza láìgba àṣẹ, jẹnẹrétọ̀ ńláńlá sì ń mi òkè ilé náà jìgìjìgì, ṣùgbọ́n kò sí ìbéèrè nípa ìyẹn nínú fọ́ọ̀mù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ewu náà kò fara sin. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin yẹn, òpó ti sán. Báǹkì àti àwọn ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ti ilẹ̀kùn wọn pa. Ẹ̀rù ba àwọn òṣìṣẹ́ ìránṣọ náà, ṣùgbọ́n wọ́n fi owó oṣù halẹ̀ mọ́ wọn, wọ́n sì gun òkè padà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n mọ̀. Agbára láti kọ̀ ni wọn kò ní.

Oṣù karùn-ún ọdún 2013 kan náà ni Àdéhùn lórí Ààbò Iná àti Ilé dé. Nígbà tó yá, àwọn ilé-iṣẹ́ aláṣọ tó fọwọ́ sí i pẹ̀lú IndustriALL àti UNI, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àgbáyé méjì, lé ní 200. Yúróòpù ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti wá, ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ló sì ń ṣe alága nígbà náà. Fáktírì bíi 1,600 ló bọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ẹnjiníà ló ń lọ yẹ ilé wò. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni èsì rẹ̀ ń lọ, pẹ̀lú orúkọ fáktírì, àléébù kọ̀ọ̀kan, àti ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ ti tún un ṣe. Lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń rí ni géètì onírin lẹ́nu àtẹ̀gùn, tí wọ́n ń fi àgádágodo tì nígbà iṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà jí aṣọ gbé jáde. Géètì yẹn gbọ́dọ̀ kúrò. Ilẹ̀kùn tó rọ́pò rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè dá iná àti èéfín dúró, kí ẹni tó ń sá sì lè tì í ṣí láìwá kọ́kọ́rọ́. Òkè òkun ni wọ́n ti ń kó ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ wá. Níbi tí òpó kò bá lè gbé ẹrù tó wà lórí rẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n kó ìdì aṣọ sọ̀kalẹ̀ tàbí kí wọ́n fa omi táǹkì orí òrùlé dànù, kí wọ́n tó fi irin àti kọnkéré mìíràn wé òpó náà.

Bí ẹni tó ni fáktírì bá wá ní òun kò tún un ṣe ńkọ́? Ibí yìí ni ọgbọ́n ètò náà wà. Ìkìlọ̀ á kọ́kọ́ lọ. Bí kò bá gbọ́, gbogbo ilé-iṣẹ́ tó fọwọ́ sí Àdéhùn náà á kẹ̀yìn sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹgbẹ́ alátà ṣe ń ṣe lọ́jà náà nìyẹn. Ẹni tó kó ata wá láti Òkè Ọya, tó kó èyí tó ti jẹrà sábẹ́ agbọ̀n, bí alátà kan bá kọ̀ ọ́, á gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí ìyálọ́jà bá ti ní kí ẹnikẹ́ni má rà lọ́wọ́ rẹ̀, ibo ló fẹ́ gbé ata gbà? Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó kúrò nílé, ìdí nìyẹn tí yóò fi ṣa ata rẹ̀ dáadáa. Alátà tó bá sì lọ rà ní kọ̀rọ̀, ẹgbẹ́ á bu ìtanràn lé e.

Ìtanràn yẹn gan-an ni àwọn ètò ìṣáájú kò ní. Nínú Àdéhùn yìí, ilé-iṣẹ́ aláṣọ gbà láti rí i pé owó àtúnṣe kò kọjá agbára fáktírì: ó lè yá a lówó, ó lè sanwó ọjà ṣáájú. Bí fáktírì bá tì nítorí àtúnṣe, owó òṣìṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ dúró, títí di oṣù mẹ́fà. Ilé-iṣẹ́ tí kò bá mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lè gbé e lọ síwájú àwọn onídàájọ́ ní The Hague, ní orílẹ̀-èdè Netherlands. Ó sì ṣẹlẹ̀. Ọdún 2016 ni wọ́n gbé ilé-iṣẹ́ méjì lọ síbẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà parí, ọ̀kan nínú wọn san mílíọ̀nù 2.3 dọ́là, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ fún àtúnṣe fáktírì tó lé ní 150. Walmart àti Gap kò fọwọ́ sí Àdéhùn náà. Wọ́n bá àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà mìíràn dá ètò tiwọn sílẹ̀, níbi tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n sá fún yẹn ló ń mú Àdéhùn náà ṣiṣẹ́.

Àbùkù Àdéhùn náà ni pé kò dé ibi owó oṣù. Lọ́dún 2023, àwọn òṣìṣẹ́ Bangladesh tú síta, wọ́n ní 23,000 táká, owó ilẹ̀ wọn, lóṣù ni àwọn ń fẹ́. 12,500 ni ìjọba fọwọ́ sí. Ẹni tó ni fáktírì ní iye tí òkè òkun ń ra ṣẹ́ẹ̀tì kò jẹ́ kí òun lè san jù bẹ́ẹ̀ lọ, irọ́ kọ́ sì ni gbogbo ohun tó ń sọ. Ilé-iṣẹ́ tó fọwọ́ sí i pé ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ ṣí lè padà wá lọ́la láti já owó lórí ṣẹ́ẹ̀tì kan náà, kò sì sí onídàájọ́ kankan ní The Hague tí ẹni tó rán ṣẹ́ẹ̀tì náà lè gbé ìyẹn lọ bá.